Bí A Ṣe Ń Fún Ohun Ẹlẹgẹ́ Ní Agbára: Láti Orí Koríko Inú Bíríkì Dé Orí Ọ̀pá Kábọ̀nù

Ó tọ́ kí ìwé ìrántí bí irú èyí sọ díẹ̀ nínú ohun tí à ń kọ́ àwọn ọmọ yín. Àwa tí a wà ní ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì yan ọ̀ràn kan tí ó kan ilé ìdáná, tí ó kan òrùlé, tí ó sì kan ìlera àwọn ọmọ tí ń jókòó lábẹ́ òrùlé náà: ìdí tí ohun tí ó le fi ń fọ́, àti ọgbọ́n tí ènìyàn ti ń dá láti ayé àtijọ́ títí di òní kí ó má baà tètè fọ́. Èyí tí ó jẹ́ tuntun jù nínú ọgbọ́n wọ̀nyí ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń fi carbon nanotubes ṣe. A ó ṣàlàyé rẹ̀, a ó sì sọ ìdí tí ó fi yẹ kí a fi ìṣọ́ra gbà á.

Ohun tí ó le kò ní kí ó má fọ́

Ẹ jẹ́ kí a fi àwo tánganran àti àwo oníke ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá fi ṣóńṣó ọ̀bẹ ha àwo oníke, àpá yóò hàn lára rẹ̀. Bí a bá fi ọ̀bẹ kan náà ha tánganran, ó ṣòro kí àpá tó hàn. Tánganran ni ó le jù. Ṣùgbọ́n bí àwo méjèèjì bá bọ́ sórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, ti ike yóò ta padà, ti tánganran yóò sì fọ́ sí wẹ́wẹ́. A rí i báyìí pé ọ̀tọ̀ ni líle, ọ̀tọ̀ ni ìfaradà. Líle ni kí nǹkan má gba àpá. Ìfaradà ni kí ó gba ìyà kí ó má sì pín sí méjì.

Inú ohun èlò fúnra rẹ̀ ni ìdí rẹ̀ wà. Nínú irin, àwọn átọ̀mù lè yọ̀ lórí ara wọn díẹ̀, bí ìgbà tí àwọn ènìyàn ń sún fún ara wọn lórí àga ṣọ́ọ̀ṣì kí àyè lè gba ẹni tí ó pẹ́ dé. Ìdí nìyí tí ṣíbí irin fi ń tẹ̀ kí ó tó kán. Nínú gíláàsì àti nínú ohun amọ̀ tí a fi iná sun, àwọn átọ̀mù di ara wọn mú pinpin, wọn kì í sún. Ọ̀nà méjì péré ni wọ́n mọ̀: kí wọ́n di ara wọn mú, tàbí kí wọ́n jọ̀wọ́ ara wọn.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, kò sí gíláàsì tàbí ohun amọ̀ tí kò ní àpá tíntìntín lára, bí ojú wa kò tilẹ̀ rí i. Ẹni tí ó bá ti ra aṣọ ní ọjà Ìkòròdú mọ ohun tí àpá lè ṣe. Ẹni tí ń ta aṣọ kì í fi sísọ́ọ̀sì gé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Yóò gé etí rẹ̀ díẹ̀, yóò fi ọwọ́ méjèèjì fà á, aṣọ náà yóò sì ya gbọọrọ. Bí kò bá sí ojú tí ó gé yẹn, kì bá rọrùn láti fi ọwọ́ fà á ya. Gbogbo agbára ọwọ́ rẹ̀ kó ara jọ sí ẹnu ibi tí ó gé, ó ń já fọ́nrán òwú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bákan náà ni agbára ṣe ń kó ara jọ sí ẹnu àpá tíntìntín tí ó wà lára ife gíláàsì. Àpá náà yóò di ìlà, ìlà yóò sáré, ife yóò sì fọ́. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀.

Ní ọdún 1921, A. A. Griffith, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Ó fa gíláàsì títí ó fi di fọ́nrán, ó sì rí i pé bí fọ́nrán bá ṣe tín-ín-rín tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó ní ìwọ̀n ara rẹ̀, nítorí pé àyè kò gba àpá ńlá lára ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀. Èyí fi hàn pé gíláàsì fúnra rẹ̀ kì í ṣe aláìlágbára. Àpá ara rẹ̀ ni ó ń dá a, àti pé kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ tí yóò dá ìlà náà dúró bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí sáré.

Ọgbọ́n àtijọ́: ohun tí ń di ẹnu ìlà mú

Bí ìṣòro bá jẹ́ pé kò sí ohun tí ń dá ìlà dúró, ọgbọ́n tí ó kù ni kí a fi irú ohun bẹ́ẹ̀ sínú rẹ̀. Ènìyàn ti mọ èyí kí ìwé sáyẹ́ǹsì tó wà. Ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé Ẹ́kísódù orí karùn-ún yóò rántí ìyà tí Fáráò fi jẹ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì: ó ní kí wọ́n má fún wọn ní koríko mọ́ láti fi ṣe bíríkì, síbẹ̀ kí iye bíríkì má dín. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ka ìtàn náà láìbéèrè ohun tí koríko ń ṣe nínú bíríkì. Amọ̀ máa ń sún kì bí ó bá ń gbẹ, ibi tí ó bá sì ti sún kì ni ó ti ń sán. Koríko tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ń so ìhà méjèèjì ibi tí ó sán pọ̀, gẹ́gẹ́ bí okùn tí dókítà fi ń rán ọgbẹ́.

Àwọn amọ̀kòkò ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ ọ̀nà mìíràn. Wọn a gún àpáàdì, wọn a sì pò ó mọ́ amọ̀ tútù. Àpáàdì ti kọjá nínú iná rí, nítorí náà kì í sún kì mọ́, ó sì ń dí ìlà lọ́nà bí ó bá fẹ́ sáré. Ìkòkò tí ó ti kú ni ó ń ran ìkòkò tuntun lọ́wọ́ láti pẹ́. Nínú ilé alámọ̀, ọparun àti igi ọ̀pẹ ni wọ́n ń fi ṣe egungun ògiri kí wọ́n tó rẹ́ amọ̀ sí i. Àwọn tí ń ṣe POP sí àjà ilé lóde òní ń tẹ́ fọ́nrán sínú rẹ̀ kí ó tó dì. Kọ́ńkéré tí a kò fi ọ̀pá irin sí kò lè ru òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Òfin kan náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé.

Ṣùgbọ́n òfin náà ní ìdajì kejì. Ẹni tí ó bá ti fa ẹ̀gẹ́ rí mọ̀ pé agbára tí ó ná kì í ṣe láti já igi ẹ̀gẹ́. Ó ná an láti fa ohun tí ilẹ̀ dì mú jáde. Bẹ́ẹ̀ ni fọ́nrán ṣe ń gba ohun ẹlẹgẹ́ là. Bí ìlà bá fẹ́ ṣí ẹnu, ó di dandan kí ó fa àwọn fọ́nrán náà jáde, iṣẹ́ yìí sì ń jẹ agbára tí ì bá fọ́ ohun èlò náà. Bí fọ́nrán bá dì mọ́ ọn jù, yóò já pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kò bá dì mọ́ ọn tó, yóò yọ́ jáde láìṣe iṣẹ́ kankan.

Ọ̀pá kábọ̀nù tíntìntín

Kábọ̀nù kì í ṣe àjèjì sí wa. Òun ni èédú inú àdògán, òun ni dúdú tí ó wà láàárín pẹ́ńsù, òun náà sì ni dáyámọ́ńdì. Bí àwọn átọ̀mù rẹ̀ ṣe tò ni ó mú kí wọ́n yàtọ̀. Nínú dúdú pẹ́ńsù, àwọn átọ̀mù kábọ̀nù tò bí ẹní pẹlẹbẹ tí a tẹ́ léra wọn. Bí a bá mú ẹyọ ẹní kan nínú wọn, tí a ká a títí etí rẹ̀ méjèèjì fi pàdé, ọ̀pá oníhò ni yóò dà. Ohun tí à ń pè ní carbon nanotube nìyẹn. Àwa yóò máa pè é ní ọ̀pá kábọ̀nù.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Rọ́ṣíà méjì ti tẹ àwòrán irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ jáde ní ọdún 1952, ṣùgbọ́n ìwé tí Sumio Iijima kọ ní ilẹ̀ Jàpáàní ní ọdún 1991 ni ó mú kí gbogbo ayé gbájú mọ́ ọn. Ẹyọ kan tí ó kéré jù nínú wọn kò fẹ̀ ju nǹkan bí nánómítà kan lọ. Bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ìpín kan nínú rẹ̀ ni nánómítà. Irun orí ènìyàn fẹ̀ tó nǹkan bí nánómítà 80,000. Síbẹ̀, bí a bá gbé ọ̀pá kábọ̀nù àti irin tí ó nípọn bákan náà kalẹ̀, ọ̀pá kábọ̀nù lè gba ìfà tí ó pọ̀ ju ti irin lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ó sì fúyẹ́ jù ú lọ. Ọ̀nà kan tí a fi ń ṣe é ni kí a mú gáàsì acetylene, irú èyí tí àwọn wẹ́dà fi ń jó irin, kí a fẹ́ ẹ kọjá lórí ìyẹ̀fun irin tàbí nickel nínú ìléru. Kábọ̀nù inú gáàsì náà yóò hù jáde lára ìyẹ̀fun náà bí ewéko. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé àwọn onímọ̀ sọ pé fọ́nrán tí ó yẹ tánganran àti gíláàsì ti dé.

Ìdènà mẹ́ta

Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Èkíní, àwọn ọ̀pá kábọ̀nù fẹ́ràn láti lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ẹni tí ó bá ti ro àmàlà mọ̀ pé bí a kò bá rò ó dáadáa, yóò di kókó, kókó kan sì tó láti ba oúnjẹ jẹ́. Kókó ọ̀pá kábọ̀nù nínú tánganran burú ju àìsí rẹ̀ lọ, nítorí pé òun gan-an yóò di ibi tí ìlà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èkejì ni iná. Kábọ̀nù ń jó. Nínú afẹ́fẹ́, ọ̀pá kábọ̀nù yóò bẹ̀rẹ̀ sí jóná ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 500 sí 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Iná gbangba tí àwọn amọ̀kòkò fi ń sun ìkòkò gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, tánganran ilé iṣẹ́ sì ń fẹ́ èyí tí ó ju 1,000 lọ. Nítorí náà, ìléru tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde ni a nílò, a sì gbọ́dọ̀ yára. Ẹ̀kẹta ni ti dídì mú tí a ti sọ ṣáájú: ara ọ̀pá kábọ̀nù ń yọ̀, ó sì ṣòro kí amọ̀ tó dì í mú níwọ̀n tí ó yẹ.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2003 àti 2004 lè kọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lọ́gbọ́n. Ní 2003, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California tí ó wà ní Davis kéde pé àwọn fi ọ̀pá kábọ̀nù ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sínú alumina, ọ̀kan nínú àwọn ohun amọ̀ tí ó le jù, ìfaradà rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ọ̀nà tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ni pé wọ́n fi ṣóńṣó dáyámọ́ńdì tẹ ojú rẹ̀, wọ́n sì wo bí ìlà tí ó yọ ṣe gùn tó. Ní 2004, àwọn onímọ̀ mìíràn ṣe irú ohun kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n gé ojú kan sí ara ọ̀pá alumina náà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ títí ó fi kán. Wọ́n rí i pé ìfaradà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti alumina lásán. Abẹ́ ṣóńṣó dáyámọ́ńdì, ohun èlò náà ń wọlé díẹ̀ bí ẹni tẹ tìmùtìmù, kò sì jẹ́ kí ìlà yọ. Àǹfààní ńlá ni èyí fún ohun tí a ń tẹ̀ tàbí tí a ń há, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a kọ́kọ́ rò. Láti ìgbà náà, àwọn tí ó kọ́ bí a ṣe ń pò ó láìsí kókó ti rí ìlọsíwájú, ṣùgbọ́n ó mọ níwọ̀n. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí a dán nǹkan wò lọ́nà tí a ó gbà lò ó, kí a tó yìn ín.

Ohun tí asbestos kọ́ wa

Ọ̀ràn yìí kan ilé wa tààrà nípa fọ́nrán mìíràn tí aráyé ti yìn rí. Inú ilẹ̀ ni a ti ń wa asbestos. Fọ́nrán rẹ̀ kò jóná, kò jẹrà, ó sì ń di sìmẹ́ǹtì mú dáadáa. Wọ́n pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì, wọ́n fi ṣe páálí àjà àti ti òrùlé. Ní ọ̀rúndún 20, ó tàn ká Ìpínlẹ̀ Èkó, láti ìlú Èkó dé Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ó sì ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́. Òfin koríko inú bíríkì ni ó tẹ̀ lé, ó sì ṣe iṣẹ́ náà dáadáa.

Ṣùgbọ́n bí páálí náà bá fọ́, fọ́nrán tí ojú kò lè rí yóò bọ́ sínú afẹ́fẹ́, a ó sì fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ara tí ń gbé ìdọ̀tí mì kò lè gbé e mì, bí adìyẹ tí ó fẹ́ gbé okùn gígùn mì. Yóò jókòó síbẹ̀, yóò máa hó ibẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé gbogbo irú asbestos ni ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ, àrùn náà sì lè fi 20 ọdún sí 40 ọdún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pamọ́ kí ó tó fara hàn. Ọmọ tí ó bá fa eruku rẹ̀ símú lónìí lè ti di òbí kí ó tó mọ̀.

Ọ̀pá kábọ̀nù náà gùn, ó tín-ín-rín, kì í sì í jẹrà. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ní Edinburgh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn nínú ara eku pé àwọn ọ̀pá kábọ̀nù gígùn tí ó tọ́ ń fa wíwú bí ti asbestos, ṣùgbọ́n àwọn kúkúrú àti àwọn tí ó lọ́ pọ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2014, àjọ tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé pe irú kan nínú wọn ní ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó máa fa jẹjẹrẹ, ó sì sọ pé ẹ̀rí kò tíì tó láti sọ bẹ́ẹ̀ nípa àwọn yòókù. Ọ̀pá tí ó ti há sínú tánganran kò rọrùn fún láti jáde. Ẹni tí ń pò ó, tí ń rẹ́ ẹ tàbí tí ń fọ́ ọ ni ó wà nínú ewu jù. Nítorí náà, a kò sọ pé kí a sá fún ìmọ̀ tuntun. Ohun tí à ń sọ ni pé kí a béèrè ohun tí fọ́nrán ń ṣe nínú ẹ̀dọ̀fóró kí a tó fi sí orí àwọn ọmọ, kì í ṣe lẹ́yìn 40 ọdún.

Ohun tí ó wà ní ọwọ́ wa

Àkókò àjọ̀dún ni àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ máa ń fi owó tún ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìjọsìn àti ilé ìdílé ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ òrùlé tàbí àjà àtijọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá asbestos ni. Bí ó bá jẹ́ òun, tí kò sì fọ́, ẹ má fi òòlù lù ú, ẹ má lu ihò sí i, ẹ má sì fi ayùn rẹ́ ẹ. Ẹ má jẹ́ kí a pe àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ láti wá kó àfọ́kù rẹ̀ tàbí láti gbá eruku rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà ni kí ó tú u: wọn yóò fi omi rin ín kí eruku má baà gbéra, wọn yóò bo imú wọn bí ó ti yẹ, wọn yóò sì dì í sínú ọ̀rá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ LASEPA, àjọ tí ń bójú tó àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, nípa ibi tí ó yẹ kí a kó o sí. Owó rẹ̀ yóò pọ̀ ju ti àwọn ọmọkùnrin tí a bẹ̀ ní ojú pópó lọ, ṣùgbọ́n kò tó owó ìtọ́jú ẹ̀dọ̀fóró.

Èkejì ni ti àwọn ọmọ fúnra wọn. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Ẹ̀pẹ́. Yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì wà ní Ìkòròdú. Ọmọ tí ó bá fẹ́ kọ́ nípa irú ohun èlò wọ̀nyí kò ní láti kúrò ní agbègbè wa kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Kódà ó lè bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Kí ó fi amọ̀ mọ ọ̀pá mẹ́ta tí ó gùn, tí ó sì nípọn bákan náà. Kí ó fi èkíní sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ó gé fọ́nrán èèpo àgbọn sí gígùn ìka kékeré, kí ó sì pò ó mọ́ ìkejì títí yóò fi tàn ká. Kí ó fi ìwọ̀n kan náà sínú ìkẹta, ṣùgbọ́n kí ó ṣù ú jọ sí ojú kan. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbẹ nínú ibòji fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé orí bíríkì méjì, kí ó so korobá kọ́ àárín rẹ̀, kí ó sì máa bu omi sí i ní ife kọ̀ọ̀kan. Kí ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí abẹ́ korobá náà.

Kí ó kọ iye ife omi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà sílẹ̀, kí ó sì wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe kán: èyí tí ó kán lójijì, èyí tí ó sán ṣùgbọ́n tí kò jábọ́, àti ibi tí ìṣùpọ̀ wà. Kí ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, kí ó má baà gba àṣìṣe gbọ́. Ọmọ tí ó bá ṣe èyí ti lóye ohun tí àwọn onímọ̀ ní California ń lé nínú ìléru olówó ńlá wọn, ó sì ti kọ́ láti dán nǹkan wò kí ó tó gbà á gbọ́. Kí Ọlọ́run tí ó mọ wá láti inú amọ̀ fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ta agbègbè yìí lọ́rẹ, kí òrùlé tí ó wà lórí wọn má sì ṣe pa wọ́n lára.